Ẹ̀sùn lórí iṣẹ́ dídènà ọ̀rinrin tí ẹ ṣe sábẹ́ ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
22 oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́,

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Mo kí yín o. Èmi ni onílé pákó tí àwọn òṣìṣẹ́ yín wá ṣiṣẹ́ fún nínú oṣù Kẹta ọdún yìí, kí omi ilẹ̀ má baà máa gòkè wá bá wa nínú ilé mọ́. ₦850,000 lẹ gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ kọ ọ́ sára rìsíìtì pé gáráńtì ọdún márùn-ún wà lórí iṣẹ́ náà. Òjò ọdún yìí kò tíì rinlẹ̀ tán tí ilé náà ti ń rùn ju bó ṣe ń rùn kẹ́ ẹ tó wá lọ. Mo ti pè yín lórí fóònù títí, ọmọbìnrin tó ń gbé fóònù yín sì ní kí n lọ ra káńfọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí sí ẹ̀yin fúnra yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé náà ṣe rí, torí mi ò rò pé ẹnì kankan nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ọ́fíìsì ti fojú kàn án. Ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ ni bàbá wa kọ́ ọ sí. Iwájú ilé bá títì dọ́gba, ẹ̀yìn rẹ̀ ga sókè lórí òpó. Wọn ò ra iyẹ̀pẹ̀ kún un kí wọ́n wá da kọnkéré tí wọ́n ń pè ní German floor lé e bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe nísinsìnyí. Igi ọ̀pèpè ni wọ́n nà láti ògiri dé ògiri, wọ́n kan pákó ìrókò lé e, wọ́n sì fi bulọ́ọ̀kù yí ìsàlẹ̀ ká. Àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò gba ìdúró, rírákò lèèyàn ń rákò wọ ibẹ̀. Wọ́n dá ihò afẹ́fẹ́ sára ògiri ìsàlẹ̀ yíká, wọ́n fi irin wẹ́wẹ́ dí i kí eku àti ejò má baà gbabẹ̀ wọlé. Sọ́míìlì Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti gé igi rẹ̀, nígbà tí ọ̀pèpè ṣì wà rẹpẹtẹ nínú igbó J4. Ẹ wá a kiri lónìí bóyá ẹ máa rí i rà.

Ilé náà lágbára, àmọ́ ilẹ̀ wa níbí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ. Láti oṣù Kẹta ni òjò ti ń rọ̀, ó ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, ó sì tún ń padà wá títí dé oṣù Kẹwàá. Pákó ń wú, ilẹ̀kùn kò ṣe é tì mọ́, bẹ́ẹ̀ ni igun yàrá ń bu. Ohun tó mú mi pè yín nìyẹn.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ẹni tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rán wá sọ dùn mọ́ mi, òun gan-an ni mo sì tìtorí ẹ̀ sanwó. Ó ní iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ ilé lè dà bíi pé ó gbẹ lójú, àmọ́ omi ń fà gòkè láti ìsàlẹ̀, ó ń di oru omi tí a kò rí, ó ń bá igi lókè, igi sì ń mu ún. Ó ní tí omi inú igi bá ti kọjá bí ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n igi gbígbẹ, tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, jíjẹrà ló kù. Nítorí náà, ó ní kí wọ́n fi ọ̀rá dúdú tó nípọn bo gbogbo iyẹ̀pẹ̀ náà pátápátá, géèjì 1200 (bó ṣe nípọn tó nìyẹn), kí etí ọ̀rá kan gun orí èkejì ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kí wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì ká a gòkè sára ògiri àti òpó ní ìwọ̀n ìnṣì mẹ́fà. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti so ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ lẹ́tà yìí.

Lákòókò tí àwọn òṣìṣẹ́ yín dé, Ìbàdàn ni mo wà, lọ́dọ̀ ọmọ mi tó bímọ. Wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọ̀rá dúdú ni mo rí nínú fọ́tò náà lóòótọ́, ó nípọn, ó ń dán. Mo san owó tó kù. Ẹ̀yìnwá ìgbà náà ni mo wá mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà abẹ́ ilé nìkan ni wọ́n ti ya fọ́tò, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń dé.

Nígbà Ojúde Ọba, ilé kún bó ṣe máa ń kún. Àwọn ará wa tó ti Èkó wá ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní yàrá ẹ̀yìn ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká pamọ́ nígbà tí kò tíì gbẹ. A ká ẹní ilẹ̀ sókè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti bu funfun, omi sì wà lára pákó débi pé ọwọ́ mi tutù nígbà tí mo fi kàn án. Ọmọ àbúrò mi kan tó ní ikọ́ fée kò lè sùn síbẹ̀ mọ́jú, ilé aládùúgbò ni a gbé e lọ lóru. Ẹ má sọ fún mi pé àlejò ló pọ̀ jù o.

Mo wá pe káfíńtà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò sanra, kó rákò wọlé pẹ̀lú fóònù àti tọ́ọ̀ṣì, kó sì ge díẹ̀ wá fún mi nínú ọ̀rá tó bá rí. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ dé ni ọ̀rá dúdú náà parí sí. Láti ibẹ̀ lọ dé ẹ̀yìn, ọ̀rá funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n tẹ́. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ohun èlò ilé kíkọ́ ni mo tà kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti gé ọ̀rá DPC, èyí tí kì í jẹ́ kí omi ilẹ̀ gòkè, ní yáàdì yáàdì fún bíríkìlà títí ọwọ́ mi fi mọ ọ́n. Nígbà tí káfíńtà kó èyí tó gé jáde, mo fi bo owó náírà kan, mo sì ka nọ́ńbà ara owó náà láti òkè ọ̀rá. Ọ̀rá géèjì 1200 kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ tẹ́ sábẹ́ ilé wa, wọ́n fi ń bo àga tuntun kí eruku má baà bà á ni.

Fídíò tó ṣe wà níbẹ̀, ẹ wò ó. Wọn ò ṣa òkúta kúrò kí wọ́n tó tẹ́ ọ̀rá, òkúta ti gún un kiri. Etí ọ̀rá kò kan ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò fi téèpù kankan lẹ̀ ẹ́. Ní ibi tí òpó wà, ńṣe ni wọ́n gé ọ̀rá ní róbótó yí òpó ká, iyẹ̀pẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu láàárín. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ọ̀rá náà níbi tí káfíńtà ti gbé e sókè, omi so rogodo rogodo sára rẹ̀, ó ń kán. Omi yẹn ni ì bá wà lábẹ́ títí. Ojú ihò tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ló ń gbà gòkè. Àwọn òṣìṣẹ́ yín tún fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti àwọn àjákù pákó sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Pákó tó wà nílẹ̀ nínú òkùnkùn àti ọ̀rinrin, ikán ló ń pè, ikán sì ti gbọ́. Ó ti mọ ọ̀nà amọ̀ rẹ̀ gba ara òpó lọ sókè.

Òpó yẹn gan-an tún jẹ́ ẹjọ́ mìíràn. Ẹ ní méjì nínú òpó àtijọ́ ti jẹrà, ẹ ó pààrọ̀ wọn. Igi gmelina lẹ fi pààrọ̀ wọn. Ẹ kò da kọnkéré sí ìdí wọn, orí iyẹ̀pẹ̀ lásán lẹ gbé wọn lé, kò sì sí Solignum, oògùn tí wọ́n ń fi kun igi, lára wọn. Gmelina dára fún àpótí àti pákó tí wọ́n fi ń da kọnkéré. Ta ló ń fi gmelina tútù ṣe òpó sórí ilẹ̀ tó rin?

Èyí tó bí mi nínú jù ni ihò afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ dí. Ẹ po sìmẹ́ńtì, ẹ rẹ́ gbogbo wọn pa, ẹ tún fi ọ̀dà kùn ún kó lè rẹwà. Nígbà tí mo bèèrè, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ yín ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójú òde báyìí nìyẹn, pé ní Amẹ́ríkà dídí ni wọ́n ń dí i pa. Òótọ́ ni pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àmọ́ kí wọ́n tó dí i, wọ́n á ti fi ọ̀rá bo gbogbo ilẹ̀ láìku ìnṣì kan, wọ́n á ká a gun ògiri, wọ́n á sì gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ sínú ibẹ̀ tàbí kí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ sí i. Ẹ fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀, dídí nìkan lẹ mú. Ẹ̀rọ náà gan-an ńkọ́, iná wo ni yóò máa wà á níbí? Àwọn tí kò bá sì dí i, ìwọ̀n tí wọ́n mọ̀ tipẹ́ ni pé tí ilẹ̀ abẹ́ ilé bá fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 150 níbùú lóròó, kí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó. Àwọn bíríkìlà bàbá wa kò lọ yunifásítì, ihò tí wọ́n dá sì tó. Ẹ̀yin lẹ sé omi mọ́ inú ilé wa.

Ti gọ́tà kò gùn. Ìwé yín ní ẹ ó so gọ́tà sí ẹ̀yìn ilé kí ọ̀ṣọ̀rọ̀ má baà máa dà sí ìdí ògiri, ẹ ó sì gbẹ́ ojú àgbàrá gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Ẹ kò so ó, ẹ kò gbẹ́ ẹ. Gbogbo omi orí òrùlé ẹ̀yìn ń já sí ìdí ìpìlẹ̀, ó sì ń wọnú lọ. Wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Èmi onílé kò gbà, mo sanwó kí ẹ bá mi kọ̀ ọ́.

Kí lẹ wá fi dá mi lóhùn? Lẹ́yìn ti káńfọ̀, ẹ rán akunlé kan wá pé kó wá fi ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí nǹkan bu kun ògiri yàrá. Mo dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, torí kò mọ ohun tí wọ́n rán an. Ẹ̀tẹ̀ lẹ fi sílẹ̀ tẹ́ ẹ ń pa làpálàpá. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ ní gáráńtì yín kò kan òjò. Iṣẹ́ dídènà omi, tí gáráńtì rẹ̀ kò kan òjò! Ṣé ẹ̀ẹ̀rùn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀ ni?

Ohun tí mo fẹ́ kò ju ohun tó wà nínú ìwé tí ẹni yín kọ lọ. Kẹ́ ẹ kó ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn àti gbogbo pàǹtí jáde, kẹ́ ẹ ṣa òkúta, kẹ́ ẹ sì tẹ́ ọ̀rá géèjì 1200 gan-an. Mo fẹ́ rí róòlù rẹ̀ pẹ̀lú lébẹ́ẹ̀lì lára kó tó wọ abẹ́ ilé. Kẹ́ ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ ká a gun òpó àti ògiri. Kẹ́ ẹ la ihò afẹ́fẹ́ padà, kí irin sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ so gọ́tà. Ẹ wá ọ̀pèpè tàbí igi mìíràn tí ikán kì í tètè jẹ, kẹ́ ẹ fi pààrọ̀ òpó gmelina méjèèjì, kẹ́ ẹ gbé e lé kọnkéré, kẹ́ ẹ sì pa ikán tó wà níbẹ̀. Owó pákó ìrókò tó ti wú ní yàrá ẹ̀yìn, a ó jọ sọ ọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá dé.

Bí ẹ kò bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ dá owó mi padà, kí n wá ẹlòmíràn kí òjò tó dá. Òfin ọdún 2018 tí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń lò, ó fún ẹni tó bá sanwó iṣẹ́ láṣẹ láti bèèrè bẹ́ẹ̀: kí wọ́n tún iṣẹ́ tí kò dára ṣe, tàbí kí wọ́n dá owó tó tọ́ padà. Mo fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gba lẹ́tà yìí. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìwé ẹ̀sùn mi, rìsíìtì yín àti fídíò náà ń lọ sọ́dọ̀ wọn.

Ẹ má fi ìdáhùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp mọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tó ní orúkọ àti ìbuwọ́lù. Ẹni tẹ́ ẹ bá sì rán wá, kó jẹ́ ẹni tó lè rákò dé ògiri ẹ̀yìn. Kọ́kọ́rọ́ abẹ́ ilé wà lọ́wọ́ mi. Ẹ pè mí ní ọjọ́ kan ṣáájú kí n lè ní kí káfíńtà wà níbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Onílé pákó.

Mo so mọ́ ọn: ẹ̀dà rìsíìtì, ẹ̀dà ìwé iṣẹ́, fídíò àti àwòrán nínú fláàṣì, àti èyí tí a gé nínú ọ̀rá náà.