Òdòdó Ọjọ́ Olólùfẹ́ àti ohun tí ọjà ń fi ṣe

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ Ọjọ́ Olólùfẹ́, ọjọ́ 14 oṣù Kejì, ni mo fẹ́ bá yín sọ. Àwọn kan ní kí á pa á rẹ́ pátápátá. N kò fara mọ́ wọn, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìtìjú ti dì lẹ́nu, ọjọ́ yìí ló sì máa ń kì wọ́n láyà láti sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Ohun tó ń dùn mí ni bí ọjà ṣe gba ọjọ́ náà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Ó ti pẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1860 ni Richard Cadbury, oníṣòwò ṣokoléètì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ṣokoléètì nínú páálí tí wọ́n gé bí àwòrán ọkàn. Ní Japan, àwọn obìnrin ló ń fún ọkùnrin ní ṣokoléètì lọ́jọ́ náà, títí kan ọ̀gá àti ẹlẹgbẹ́ wọn níbi iṣẹ́. Nígbà tó sì di 1978, àwọn tó ń ṣe nǹkan dídùn ya ọjọ́ 14 oṣù Kẹta sọ́tọ̀ kí ọkùnrin náà lè fún obìnrin ní ẹ̀bùn padà.

Ṣùgbọ́n òdòdó róòsì ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn jù. Kò sí bí róòsì ṣe lè mọ̀ pé ọjọ́ 14 ti dé. Àwọn àgbẹ̀ Kenya, Ethiopia, Colombia àti Ecuador ló ń gé orí igi rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú, kí gbogbo rẹ̀ lè rúwé, kó sì yọ òdòdó pọ̀. Bí oòrùn bá pọ̀ jù, yóò yá jù. Bí òtútù bá mú, yóò pẹ́. Èyí tó bá yá ni wọ́n ń kó sínú yàrá tútù, kó má baà tanná títí ọjọ́ yóò fi pé. Ohun tí ẹni tó ń rà kò mọ̀ nìyẹn: róòsì tó pẹ́ nínú òtútù lè dán lójú nígbà tí ẹ rà á, kó sì tẹ orí ba ní ọjọ́ kejì.

Nítorí náà, kí ẹ tó rà á, ẹ fi ìka tẹ ìdí òdòdó náà jẹ́jẹ́, níbi tó ti so mọ́ igi. Bó bá le, ó ṣì tutù yọ̀yọ̀. Bó bá rọ̀, ó ti gbó. Ewé ìta tó ní àbàwọ́n díẹ̀ kì í ṣe àléébù, òun ló dáàbò bo èyí tó kù. Bí ẹ bá délé, ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé ìdí igi náà dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta. Sísọ́ọ̀sì kíkú máa ń fọ́ ihò tí omi ń gbà. Ẹ fi ọṣẹ fọ ìgò, ẹ já gbogbo ewé tí omi yóò bò, nítorí yóò jẹrà, kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ yóò sì dí igi náà. Ẹ máa pààrọ̀ omi ní ọjọ́ méjì-méjì. Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èso tó ń pọ́n. Afẹ́fẹ́ ethylene tó ń jáde lára èso ń mú kí òdòdó tètè rọ. Bí ọrùn rẹ̀ bá ti tẹ̀, ẹ tún ìdí rẹ̀ gé, kí ẹ sì tẹ́ gbogbo rẹ̀ sínú omi fún nǹkan bíi wákàtí kan. Bí kò bá tíì pẹ́ tó tẹ̀, ó máa ń dìde.

Síbẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ̀yin méjèèjì jọ sún ọjọ́ yín síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀wọ́n á ti lọ, òdòdó á sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ẹ sọ ọ́ ṣáájú ni o, ẹ sì sọ iye tí ẹ kò ní kọjá. Ibi tí ìjà ti ń wá ni kí ẹnì kan ní “má ṣe ìyọnu,” kí ó sì máa retí.

Káàdì ńkọ́? Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò mọ olólùfẹ́ yín. Ìdajì ojú ìwé tí ẹ fọwọ́ kọ, tó dárúkọ ohun kan pàtó tí ẹni náà ṣe lọ́dún yìí àti ìgbà tó ṣe é, sàn jù ú lọ fíìfíì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí ibi iṣẹ́ ẹni tí kò tíì gbà fún yín. Ojú gbogbo ẹlẹgbẹ́ tó ń wò ó ni kì í jẹ́ kó lè sọ pé òun kò fẹ́, ìwà ipá ni mo ka ìyẹn sí.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ní ojú ìwé tí ìpolówó ẹ̀bùn yóò kún lọ́jọ́ náà, ẹ fi igun kan sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọ̀rọ̀ tí àwọn òǹkàwé kọ sí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn, ogójì ọ̀rọ̀ péré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín kan