Ìpàdé Àwọn Òbí, Sátidé 27 Oṣù Kẹfà

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ àwọn ọmọ tí kò ríran, tí kò sì gbọ́ràn, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. A ó pàdé ní Sátidé yìí, aago 10 àárọ̀, níbi tí a máa ń lò ní Bódìjà. Ọjọ́ náà bọ́ sí ọjọ́ìbí Helen Keller, òǹkọ̀wé obìnrin ará Amẹ́ríkà tí òun náà kò ríran, tí kò sì gbọ́ràn, tí wọ́n bí ní 1880.

Ọ̀rọ̀ ìfọwọ́kàn la fẹ́ sọ. Ọmọ tí kò ríran, tí kò sì gbọ́ràn, ẹ fi ṣíbí lé e lọ́wọ́ kó lè mọ̀ pé oúnjẹ ti dé. Ẹ má kàn gbé e lójijì. Ẹ fọwọ́ kàn án léjìká ná. (Èmi náà ṣì máa ń gbàgbé.)

Ẹ mú ohun kan tí ọmọ yín fẹ́ràn láti máa fọwọ́ pa dání. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ lè bá yín wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ iye ẹni tó ń bọ̀ síbí kí Ọjọ́bọ̀ tó pé, nítorí oúnjẹ.

Akọ̀wé