Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi lórí orin tuntun tí mo fẹ́ gbé jáde

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Iṣẹ́ náà ti parí: ìpín mẹ́rin, fún ọ̀kẹ́sírà ẹni àádọ́rin, a sì ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìbéèrè rẹ ni kò jẹ́ kí n tètè fèsì. O ní bí mo bá gbé orin náà jáde gẹ́gẹ́ bí NFT, ìyẹn ẹ̀rí orí kọ̀ǹpútà pé ẹnì kan ló ni ohun kan, kí ni ẹni tó bá sanwó rà gan-an, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo ayé ni yóò máa gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́?

Kì í ṣe orin ni mo ń tà. Fáìlì orin bí èyí tóbi ju ohun tí a lè kó sórí blockchain, ìwé àkọsílẹ̀ orí ayélujára tí NFT wà nínú rẹ̀, lọ, nítorí pé àìmọye kọ̀ǹpútà ló ń tọ́jú ẹ̀dà ohun gbogbo tí a bá kọ síbẹ̀, owó sì ni a fi ń kọ ọ́. Ohun tó sábà máa ń wà níbẹ̀ ni nọ́ńbà token kan (ìyẹn NFT kọ̀ọ̀kan), àkáǹtì ẹni tó ni ín, àti àdírẹ́ẹ̀sì tó ń tọ́ka sí ibi tí fáìlì wà. Ẹ̀rí ni, gẹ́gẹ́ bí ìwé ilẹ̀ ti jẹ́ ẹ̀rí, tí kì í ṣe ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bí kọ̀ǹpútà tí fáìlì náà wà lórí rẹ̀ bá kú, ẹ̀rí yóò wà, orin yóò sì di àwátì. Ìdí nìyí tí mo fi yan IPFS, ètò ìpamọ́ fáìlì lórí ayélujára, níbi tí wọ́n ti ń ṣírò àdírẹ́ẹ̀sì láti inú fáìlì fúnra rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá yí ohùn fèrè kan ṣoṣo padà, àdírẹ́ẹ̀sì náà kò ní bá a mu mọ́. Síbẹ̀, ohun tí kò sí ẹni tó ń pa á mọ́ kì í pẹ́ níbẹ̀. Èmi yóò pa ẹ̀dà kan mọ́, mo sì bẹ̀ ọ́ kí o bá mi pa èkejì mọ́ lọ́hùn-ún.

Ẹ̀dà ogún péré nínú ẹ̀rí yìí ni n óò tà. Kì í ṣe ohun tuntun pé kí ènìyàn díẹ̀ sanwó fún ẹ̀dà tó ṣọ̀wọ́n. Ní ọdún 1823, kí iṣẹ́ Mass ńlá rẹ̀ (orin ìsìn Kátólíìkì tí wọ́n ń pè ní Missa Solemnis) tó dé ọwọ́ àwọn òǹtẹ̀wé, Beethoven, olórin ilẹ̀ Jámánì, kọ̀wé sí àwọn ọba àti ìjòyè ilẹ̀ Yúróòpù pé kí wọ́n ra ẹ̀dà rẹ̀ tí a fi ọwọ́ dà kọ, ducat 50 (owó wúrà ayé ìgbà náà) fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, mẹ́wàá péré ló sì rí tà. Ọ̀kan nínú àwọn tó rà á, Ọmọọba Galitzin, ló mú kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà ní odindi ní St Petersburg ní ọdún 1824. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gidigidi, nítorí pé ẹni tó ra ẹ̀dà kò tì í mọ́ inú àpótí, ńṣe ló jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn gbọ́ ọ.

Ti iná mànàmáná tí àwọn kọ̀ǹpútà blockchain ń jẹ, tó ń bà ọ́ lẹ́rù, kò tó nǹkan mọ́: láti September 2022 tí Ethereum, blockchain tí n óò lò, ti yí ọ̀nà ìṣiṣẹ́ rẹ̀ padà, iná tó ń lò ti dín kù ju ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó fi ohun èlò kọ orin náà ló gbà mí lọ́kàn jù. Èmi ni mo ni orin tí mo kọ sínú ìwé, ṣùgbọ́n èémí wọn àti ọwọ́ wọn ló wà nínú ohùn tí a gbà sílẹ̀, n kò sì lè tà á láìjẹ́ pé olúkúlùkù wọn fọwọ́ sí i. Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ṣèlérí ìpín fún wọn nígbàkígbà tí ẹnì kan bá tún un tà. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlànà ERC-2981, tó wà fún irú ìpín bẹ́ẹ̀ lórí Ethereum, kàn ń sọ iye tó tọ́ sí oníṣẹ́ ni, kò lè fipá mú ọjà kankan láti san án. OpenSea pàápàá, ọjà NFT ńlá kan, kéde ní August 2023 pé àwọn kò ní máa fi dandan gba owó náà mọ́. Nítorí náà, láti inú owó títà àkọ́kọ́ ni n óò ti pín tiwọn fún wọn, ìdajì rẹ̀ lódindi, kí n tó fọwọ́ kan tèmi.

Mo fi ìwé àdéhùn náà sínú lẹ́tà yìí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá ra token kò ní ẹ̀tọ́ láti da orin náà kọ tà tàbí láti lò ó nínú fíìmù, àti pé kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun gbígbọ́ ọ. Jọ̀wọ́, fara balẹ̀ kà á. Níbikíbi tí o bá ti rí gbólóhùn tó lè ṣi ẹni tó fẹ́ rà á lọ́nà, fa ìlà sí i nídìí, kí o sì dá a padà sí mi kí n tó gbé ohunkóhun síta.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.