Ta ló yẹ kó fa ààlà fún ẹlẹ́rìí?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí òǹkọ̀wé yín ti ní ìwà ọmọlúwàbí ni Robert Mueller, ẹni tó wádìí bí Rọ́ṣíà ṣe dá sí ìdìbò Amẹ́ríkà ọdún 2016 àti bóyá Ààrẹ Donald Trump dí ìdájọ́ lọ́wọ́, hù ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2019, nígbà tó jókòó níwájú Ilé Aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà, tó kọ̀ láti sọ ohun tí kò sí nínú ìwé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀. Ó ní òṣìṣẹ́ ìjọba, ì báà ti fẹ̀yìn tì, ibi tí ọ̀gá bá fa ààlà sí ni kó dúró. Iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni èmi náà ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ bí inú àpótí ẹlẹ́rìí ṣe ń rí lára. Mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká yẹ lẹ́tà tí wọ́n fi fa ààlà náà wò. Mueller fúnra rẹ̀ ló béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ pé kí wọ́n júwe ibi tí òun lè sọ̀rọ̀ dé. Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kó jókòó, Bradley Weinsheimer tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà níbẹ̀ fèsì pé kó má kúrò nínú ìwé àbọ̀ tí gbogbo ayé ti kà. Ìdí tó sọ ni ẹ̀tọ́ tí Ààrẹ ní láti fi ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ ìjọba pamọ́. Inú bí Jerrold Nadler, alága ìgbìmọ̀ tó pe Mueller. Kò jẹ̀bi. Àmọ́ ká sọ òótọ́, Mueller ti pa ẹnu ara rẹ̀ dé kí lẹ́tà tó dé. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ló ti sọ fáwọn oníròyìn pé ìwé àbọ̀ òun ni ẹ̀rí òun.

Kì í ṣe gbogbo ààlà ni mo ń bá jà. Nínú ìwé olójú-ewé 448 yẹn, ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n fi dúdú bò, òfin ló sì ní kí wọ́n bo púpọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí èèyàn bá sọ níwájú àwọn ará ìlú tí wọ́n ń pè ní grand jury, tí wọ́n ń wò ó bóyá ẹ̀rí tó láti pe èèyàn lẹ́jọ́, bòókẹ́lẹ́ ni. Olùwádìí tó bá gbé e síta ti rú òfin. Roger Stone, ọ̀rẹ́ Trump, tún wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n mú ní oṣù Kìíní ọdún 2019, tí ìgbẹ́jọ́ rẹ̀ ò sì bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù Kọkànlá. Kí olùwádìí máa to ẹ̀sùn onítọ̀hún lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà tí àwọn ará ìlú tó máa dá ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà nílé tí wọ́n ń wò ó? Kò dáa. Nílé wa níbí náà, kò sẹ́ni tó lè fipá mú ọlọ́pàá pé kó dárúkọ ẹni tó ta á lólobó. Mo ti sá sábẹ́ òfin yẹn rí, ẹni tó ta mí lólobó sì sùn nílé rẹ̀ láyọ̀.

Olùwádìí tí ẹnu rẹ̀ kò ní ìjánu léwu pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 2016, James Comey tó jẹ́ ọ̀gá FBI, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, jáde pé òun ò ní dábàá kí wọ́n pe Hillary Clinton, tó ń du ipò ààrẹ nígbà náà, lẹ́jọ́ lórí í-meèlì iṣẹ́ rẹ̀, lẹ́sẹ̀ kan náà ló tún ní àìbìkítà rẹ̀ pọ̀ jọjọ. Ẹni tí ẹ ò pè lẹ́jọ́, kóòtù wo ló fẹ́ lọ tí yóò ti wẹ ara rẹ̀ mọ́?

Ààlà ti Weinsheimer yàtọ̀ sí ìwọ̀nyẹn, torí adájọ́ kọ́ ló fà á. William Barr ni ọ̀gá iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ tó fà á nígbà náà, Donald Trump ló yan Barr, Trump yìí kan náà sì ni apá kejì ìwé àbọ̀ náà dá lé lórí, bóyá ó dí ìdájọ́ lọ́wọ́ tàbí kò dí i. Ẹ̀tọ́ tí wọ́n tún tọ́ka sí, ti Ààrẹ ni. Agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Kí la wá fẹ́ pe ẹni tí ẹjọ́ kàn, tó tún ń sọ ibi tí ẹlẹ́rìí máa bá a dé?

Ẹ gbọ́ o. Ìwé àbọ̀ náà sọ ọ́ pé ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, Trump pe Don McGahn, agbẹjọ́rò White House, lórí fóònù nílé, pé kó jẹ́ kí wọ́n yọ Mueller, McGahn sì kọ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, gbogbo ayé kà á. Barr fẹnu ara rẹ̀ sọ ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 2019 pé Ààrẹ ò lo ẹ̀tọ́ ìfipamọ́ rẹ̀ lórí ìwé náà rárá. Àwọn lọ́yà á ní bí èèyàn bá yọ̀ǹda ìwé, kò ní kó yọ̀ǹda gbogbo ọ̀rọ̀ tó yí i ká. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta, Mueller kọ̀wé sí Barr pé lẹ́tà olójú-ewé mẹ́rin tí Barr fi ṣe àkótán iṣẹ́ àwọn kò gbé kókó rẹ̀ jáde bó ṣe yẹ. Nígbà tí wọ́n bi Mueller nípa rẹ̀ ní ọjọ́ ìjókòó, lẹ́tà yẹn náà ló tún dá wọn padà sí. Ìwé tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ kọ láti fẹjọ́ sùn! Àṣírí Ààrẹ wo ló wà níbẹ̀?

Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá kan kìlọ̀ fún mi kí n tó wọ kóòtù pé tinú fáìlì nìkan ni kí n sọ. Ẹjọ́ olè jíjà ní ilé ìkẹ́rùsí kan ni. Mo sọ tinú fáìlì tán, májísíréètì bá gbójú sókè, ó ní, “Sájẹ́ǹtì, ṣé ìwọ fúnra rẹ wọ ibẹ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ni mo rí? Agbẹjọ́rò ìjọba dìde pé ìbéèrè yẹn ti kọjá fáìlì. Májísíréètì ní kó jókòó. Mo wá sọ ọ́: ilẹ̀kùn tí wọ́n ní olè já, kò sẹ́ni tó já a, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣí i. Ọ̀gá mi ò bá mi jẹun fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè pè mí ní aláìgbọràn, torí ẹni tó láṣẹ nínú ilé yẹn ló ní kí n sọ̀rọ̀. Òfin Ẹ̀rí wa ti ọdún 2011 náà tẹ̀lé ọ̀nà yẹn: bí Mínísítà bá tiẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n má gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, adájọ́ lè gbé e wọ yàrá rẹ̀, kó wò ó, kó sì pinnu fúnra rẹ̀.

Comey tí mo bá wí lẹ́ẹ̀kan ṣe dáadáa nígbà tó di ẹlẹ́rìí. Wọ́n ti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó dé iwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 2017. Ó dáhùn èyí tó lè dáhùn ní gbangba. Èyí tí kò yẹ kí ayé gbọ́, ó ní ó di inú yàrá, lẹ́yìn náà ni wọ́n sì tilẹ̀kùn.

Òǹkọ̀wé yín lè sọ pé ọ̀nà adájọ́ máa ń pẹ́, kò sì parọ́. Oṣù Kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n fi sámáńsì ránṣẹ́ sí McGahn, oṣù Kẹfà ọdún 2021 ló tó jókòó, nínú yàrá, lẹ́yìn tí Trump ti kúrò lórí àléfà. Ṣùgbọ́n McGahn kọ̀ pátápátá ni, ó di dandan kí wọ́n jà á dé kóòtù kan tẹ̀ lé òmíràn. Mueller gbà láti wá. Ààlà nìkan ló kù, adájọ́ tó lè fà á sì wà nítòsí ní Washington: Beryl Howell, tó jẹ́ adájọ́ àgbà kóòtù ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀ nígbà náà, ẹni tó pàṣẹ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019 pé kí wọ́n kó ẹ̀rí grand jury pàápàá fún ìgbìmọ̀ Nadler. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ni sámáńsì Mueller jáde. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó jókòó. Kí ni ìgbìmọ̀ náà ń dúró dè tí wọn ò fi gba ọ̀dọ̀ Howell lọ, tí lẹ́tà Weinsheimer fi bá wọn lójijì?

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ìbejì, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìkìrun.