LẸ́TÀ Ẹ̀SÙN LÓRÍ ÀPÒ ẸLẸ́ṢIN OJÚDE ỌBA: BÉBÀ INÚ RẸ̀ KÌ Í ṢE 250 GSM

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Agẹmọ, 2024.

Sí ọ̀gá tó wà nídìí ọ̀rọ̀ oníbàárà,

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ bébà tí a ra àpò ẹlẹ́ṣin mẹ́rìnlélógún lọ́wọ́ yín ṣáájú Iléyá, ìyẹn àpò ohun èlò tí a fi ń to àwòrán bébà ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba sínú fírémù, la kọ lẹ́tà yìí. Nígbà tí a pè yín lórí fóònù pé iṣẹ́ náà ń tẹ̀, ẹ ní gọ́ọ̀mù la fi pọ̀ jù. Èsì yẹn ló jẹ́ ká mú bírò. Ẹ̀bi náà kò sí lọ́wọ́ gọ́ọ̀mù, kò sì sí lọ́wọ́ ẹni tó lẹ̀ ẹ́. Bébà tí ẹ dì sínú àpò kọ́ ni bébà tí ẹ kọ sára rẹ̀.

Ohun tó wà lára àpò nìyí: káàdì A4 àádọ́ta, 250 gsm, fírémù onígíláàsì márùn-ún, jíjìn wọn mìlímítà 20, téèpù fóòmù olójú méjì tó nípọn mìlímítà 3, ìgò gọ́ọ̀mù funfun méjì, ọ̀dà ìpìlẹ̀, bébà alárà aṣọ òkè mẹ́wàá, owó ẹyọ àti ìlẹ̀kẹ̀. Ìpele márùn-ún ni àwòrán náà, tí a ó gé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí a ó sì tò léra: ògiri ààfin lẹ́yìn pátápátá, lẹ́yìn náà èrò, ẹṣin, ẹni tó gùn ún, kí agboòrùn wá wà níwájú. Ẹni tó ya àwòrán yẹn mọṣẹ́, a ò ní fi dù ú. Owó ẹyọ àti ìlẹ̀kẹ̀ náà dára. Ìdí nìyẹn tí ìyókù fi ń dun èèyàn.

Gsm tí à ń kà lára bébà ni iye gíráàmù tí bébà tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, ń wọ̀n. Mìlímítà 210 sí 297 ni A4, ìyẹn 0.06237 nínú mítà onígun mẹ́rin kan. Ẹ fi 250 sọ ọ́ di púpọ̀, ewé kan yóò jẹ́ gíráàmù 15.6, àádọ́ta ewé yóò sì jẹ́ 780. Ìṣirò yìí kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Ẹ tú ọ̀rá ara bébà dànù, ẹ gbé àádọ́ta ewé náà ka òṣùwọ̀n tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò. Ohun tí tiyín ń wọ̀n wà láàárín 555 sí 565, kò sì sí ìkankan tó dé 600. Bébà 180 gsm ni àádọ́ta ewé rẹ̀ ń wọ̀n 561.

Kí ẹ má baà sọ pé ojú ọjọ́ ló fà á: bí ọ̀rinrin bá wọ inú bébà, ṣe ló máa ń wúwo sí i. Ìgbà òjò la wọ̀n ọ́n. Bó bá jẹ́ pé ọyẹ́ ni, kò bá tilẹ̀ tó báyìí.

Ẹnì kan lè ní 180 àti 250 kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Wọ́n jìnnà síra gan-an. Líle bébà kì í bá ìwúwo rẹ̀ dín kù ní ọgbọọgba. Bí irú bébà kan náà bá fẹ́lẹ́ sí i, líle rẹ̀ á já wálẹ̀ ju bí ó ti fẹ́lẹ́ lọ. Ẹ fi 250 pín 180, ó jẹ́ 0.72. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìnípọn ń wọ inú ìṣirò líle, nítorí náà ẹ wá ṣe 0.72 lọ́nà 0.72 lọ́nà 0.72, ó jẹ́ 0.37. Agbára tó kù nínú bébà yín fi díẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tí a sanwó fún. Lára ògiri ààfin tó jẹ́ odidi A4, ojú lè má tètè rí i. Ẹsẹ̀ ẹṣin ni yóò kọ́kọ́ tú àṣírí. Ibi tó tín-ín-rín jù lára ẹsẹ̀ náà nínú àwòrán yín kò ju mìlímítà 6 lọ, ẹsẹ̀ iwájú kan sì gbé sókè láìfara ti nǹkan kan. Lórí 250 tòótọ́ yóò dúró. Lórí 180, yóò máa tẹ̀ bọ̀ níwájú títí yóò fi kan gíláàsì, ọ̀pá agboòrùn á sì tẹ̀ lé e. Ẹṣin tó yẹ kó máa jó níwájú Awùjalẹ̀ wá dà bí èyí tó ń wá ibi tí yóò jókòó sí.

Ní ti gọ́ọ̀mù tí ẹ dárúkọ, a fi téèpù fóòmù nìkan to àwọn kan, láìsí ohun olómi kankan, láìkun ọ̀dà. Ẹsẹ̀ ẹṣin tẹ̀ bákan náà. A tún gé àwòrán kan náà sára káàdì 250 tí a rà lọ́jà, a sì fi gọ́ọ̀mù tiyín gan-an lẹ̀ ẹ́. Kò tẹ̀. Ẹnikẹ́ni ní ilé iṣẹ́ yín lè dán méjèèjì wò.

Gọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀ kò sì ṣàìní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹ ti igi pélébé bọ̀ ọ́, ẹ gbé e sókè: gọ́ọ̀mù funfun tó dára á já bọ̀ ní okùn kan gbọọrọ, láìyára. Tiyín ń kán tó, tó, tó. Ẹ tún kán díẹ̀ sórí gíláàsì kí ó sùn síbẹ̀. Èyí tó péye á mọ́ gaara, a ó sì lè fi èékánná bó o ní odidi. Tiyín fi àwọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀, ó funfun lójú, ó sì ń ya. Omi ti pọ̀ nínú rẹ̀, ẹfun sì wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí omi bá pọ̀ lára bébà ẹnikẹ́ni tó lo àpò yìí, inú ìgò yín ló ti wá.

Ìwé ìtọ́sọ́nà yín ni a ó dúró tì díẹ̀, torí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni yóò gbà á gbọ́. Ẹ ò sọ gbólóhùn kan nípa ọ̀nà tí fọ́nrán bébà gbà lọ. Bébà tó bá mu omi á fẹ̀, ṣùgbọ́n ìbú fọ́nrán ló ti ń fẹ̀ jù, kì í ṣe òòró rẹ̀. Bí a bá lẹ bébà méjì mọ́ra, tí fọ́nrán ọ̀kan dúró, tí ti èkejì dùbúlẹ̀, nígbà tí gọ́ọ̀mù bá ń gbẹ, ọ̀kan á fà síhìn-ín, èkejì á fà sọ́hùn-ún, igun iṣẹ́ náà á sì gbé sókè. Bẹ́ẹ̀ ni nínú àpò kan náà ẹ da méjèèjì pọ̀, ewé kan olóòró, èkejì oníbùú. Láti mọ̀ ọ́n, ẹ tẹ ewé náà láìká a, lọ́tùn-ún sósì àti lókè sílẹ̀. Níbi tó bá ti rọrùn tẹ̀ jù, ìlà tí ì bá ká sí ni fọ́nrán rẹ̀ tọ̀. Bí kò bá yé ojú, ẹ gé igun kékeré kan, ẹ fi omi pa ojú rẹ̀ kan ṣoṣo. Yóò ká jọ, ihò àárín ìká náà á sì dojú kọ ibi tí fọ́nrán lọ.

Ohun kejì tí kò sí níbẹ̀ ni ẹ̀yìn bébà. Ẹ ní kí a lẹ bébà alárà aṣọ òkè mọ́ ojú káàdì, ó tán. Kò lè tán síbẹ̀. Ohun tí a bá lẹ̀ mọ́ ojú, a gbọ́dọ̀ lẹ irú rẹ̀ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, kí fọ́nrán wọn sì gba ọ̀nà kan náà, kí ìfà ẹ̀yìn lè bá ìfà ojú dọ́gba. A ó tẹ́ ọ̀rá sókè àti sísàlẹ̀ rẹ̀, a ó gbé ìwé ńlá lé e, ó di ọjọ́ kejì kí a tó ṣí i. Búrọ́ọ̀ṣì tí gọ́ọ̀mù kò kún ni à ń lò, láti àárín lọ sí etí.

Ẹ wá ní lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30 kí a kun fánìṣì. Ní ìlú tí òjò kì í tó, bóyá. Òkudu ni Ojúde Ọba bọ́ sí lọ́dún yìí, ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹ sì mọ bí òjò ti ń rọ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ nígbà náà. Gọ́ọ̀mù tó nípọn kì í gbẹ tán nínú ìṣẹ́jú 30; ojú rẹ̀ nìkan ló ń gbẹ. Fánìṣì tí a bá kùn lé e á de omi mọ́ inú. Àmì àkọ́kọ́ ni pé fánìṣì á funfun bí ẹni pé kùrukùru bò ó. Tí a bá tún wá fi gíláàsì dé e, yóò bu, àwọn nǹkan dúdú wínníwínní á hù sára bébà, láti igun ìsàlẹ̀ lọ sókè. Wákàtí 24 ni ó kéré jù. Tí òjò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́, kí a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì nínú yàrá tí fáànù ti ń fẹ́, kí a sì fi ìdì kékeré tó ń fa omi, irú èyí tí à ń bá nínú páálí bàtà, sẹ́yìn iṣẹ́ kí a tó ti fírémù pa.

Fírémù ńkọ́? Láti ojú igi dé ẹ̀yìn igi lẹ ti wọn mìlímítà 20 yín. Gíláàsì gba 2, páálí ẹ̀yìn gba 3, ó ku 15. Ìpele márùn-ún ní àlàfo mẹ́rin, téèpù mìlímítà 3 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 12 nìyẹn. Káàdì 250 nípọn tó nǹkan bíi 0.3, márùn-ún rẹ̀ jẹ́ 1.5. Ó di 13.5. Owó ẹyọ tí ẹ ní kí a tò sí etí agboòrùn, bí a tilẹ̀ ti gé ẹ̀yìn rẹ̀, ṣì ga tó mìlímítà 5. Ohun tó ga ní 18.5 lẹ ní kí a kì sínú àyè 15, ẹ tún ní kí a "tẹ páálí ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ dáadáa". Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, yálà gíláàsì sán tàbí kí téèpù wú kúrò lára bébà. Téèpù mìlímítà 2 ì bá sọ gbogbo rẹ̀ di 14.5, èyí tó ṣì fún mọ́ gíláàsì jù, torí gíláàsì a máa làágùn lóru, bébà tó bá kàn án á sì mu ún. Fírémù tó jìn tó 25 pẹ̀lú téèpù mìlímítà 2 ló yẹ iṣẹ́ yìí.

Ọ̀dà ìpìlẹ̀ kò gba àsọjù. Bó ti gbẹ, ẹ fi ìka gbígbẹ ra á, ìyẹ̀fun funfun á tẹ̀ lé ìka. Àwọ̀ tí a bá kùn lé irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀ á bó.

Bébà alárà aṣọ òkè ló pa wá lẹ́rìn-ín, bí kò bá jẹ́ pé owó wà níbẹ̀. Èyí tí ẹ kọ "àlàárì" sí, aró ni. Èyí tó pọ́n lẹ pè ní "ẹtù". Bẹ́ẹ̀, àlàárì ló ń pọ́n, ẹtù ló ń jẹ́ aró. Ta ni yóò gbé ìyẹn há ògiri ní Ìjẹ̀bú tí àlejò kò ní bi í léèrè? Àwọ̀ rẹ̀ náà kò sì jókòó: tí gọ́ọ̀mù bá ti kàn án, pupa á ṣàn wọ inú sányán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yíǹkì olómi ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ẹ ò bá fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lo ẹ̀rọ lésà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé kí oníbàárà kọ́kọ́ fọ́n fánìṣì agolo sí i lẹ́ẹ̀mejì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó gbẹ, kí gọ́ọ̀mù tó dé ibẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè kò le. Àpò mẹ́tàdínlógún ni a kò tíì lò nínú mẹ́rìnlélógún. A fẹ́ owó wọn padà lódidi, bí ó ti wà lórí rìsíìtì tí a so mọ́ lẹ́tà yìí. Fún méje tí a ti lò, ẹ fi àádọ́ta ewé káàdì 250 tòótọ́ ránṣẹ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, olóòró ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́, pẹ̀lú téèpù mìlímítà 2, fírémù tó jìn tó 25, àti gọ́ọ̀mù tí omi kò pọ̀ nínú rẹ̀. Kí ẹ sì yí ohun tí ẹ kọ sára àpò padà kí ẹ tó ta òmíràn. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 kò fàyè gba kí àkọlé ara ọjà ṣi oníbàárà lọ́nà, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ló sì ń mójú tó o. A fún yín ní ọjọ́ 14 láti ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ yín. Bí a kò bá gbúròó yín, a ó gbé ẹ̀dà rẹ̀, bébà tí a wọ̀n àti fọ́tò òṣùwọ̀n lọ sọ́dọ̀ wọn.

Àwọn àpò tí a kò lò wà lórí pẹpẹ, nínú ọ̀rá, ọ̀rinrin kò kàn wọ́n. Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ ni awakọ̀ yín lè wá kó wọn. Kí ó mú òṣùwọ̀n dání, kí a jọ wọ̀n ọ́n níṣojú rẹ̀ kí ó tó kó o sọ́kọ̀. Owó ọkọ̀ lọ-bọ̀ wà lọ́rùn yín.

Àwa ni tiyín,
Akọ̀wé, fún àwa oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ bébà, Ìjẹ̀bú-Òde.