Dísìkì tó gbẹ kì í ṣe òpin ayé

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́.

Télọ̀ ni mí l'Óṣogbo, ẹni ọdún 53. Láti ìgbà tí a ti ń rán aṣọ Iléyá ni ìbàdí ti ń dùn mí. Èsì fọ́tò MRI, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ ya nínú ara, ní dísìkì L4/L5, nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, ti ń gbẹ. Nọ́ọ̀sì kàn na àpò ìwé sí mi ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi dùbúlẹ̀. Ẹ̀yìn wá le gan-an bí igi. Ọmọ mi tiẹ̀ ní kí n ta maṣíìnì!

Físíò kan, oníṣègùn tó ń fi eré ìdárayá wo ara, ló là mí lójú: dísìkì ni tìmùtìmù àárín egungun ẹ̀yìn, omi inú rẹ̀ ń gbẹ bí irun ṣe ń hewú. Ìwádìí kan tó jáde ní 2015 fi hàn pé láàárín àwọn ẹni 50 ọdún tí ẹ̀yìn ò dùn rárá, nǹkan bí 80 nínú 100 ló ní irú dísìkì gbígbẹ bẹ́ẹ̀.

Mo ń rìn láràárọ̀ báyìí, mo sì ń dìde nídìí maṣíìnì lóòrèkóòrè. Ó ṣì ń dùn, àmọ́ mo ń ránṣọ. Ẹni tí kò bá rí ìtọ̀ mú dúró, tí abẹ́ rẹ̀ kú tipiri, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ, kó sáré lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ka èsì yìí fún wa kí ẹ tó kó o lé wa lọ́wọ́.

Ìyá Télọ̀,
Òṣogbo