Amọ̀tẹ́kùn àti ọwọ́ gómìnà

Ìbàdàn

Akínlolú ọ̀rẹ́ mi,

Mo rí ìwé rẹ gbà. Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó àtàwọn ọmọ wà ní Houston? Ara tiwa náà le, a dúpẹ́.

O ní ohun tó bá ti wu ará ìpínlẹ̀ kan, títí kan kí wọ́n dá ọlọ́pàá tiwọn sílẹ̀, ni kí òfin jẹ́ kí wọ́n ṣe, ó ṣe tán, ẹ̀yin lẹ̀ ń dìbò yan ṣẹ́rífù yín, ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò yín. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn ọ́. O rántí oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2020 tí àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ wa dá Amọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ aláàbò tiwa, sílẹ̀ n'Ìbàdàn níbí? Kò pẹ́ tí agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ fi ní kò bófin mu. Abala 214 ìwé òfin 1999 ní ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni kó wà ní Nàìjíríà. Ó bí mi nínú gan-an. Ìwé tó ní "àwa ọmọ Nàìjíríà" ló ṣòfin, ìjọba ológun Abdulsalami ló fàṣẹ gbé e jáde, ẹnikẹ́ni kò pè wá dìbò lé e. Bẹ́ẹ̀, ká tó lè yí i padà, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì l'Ábújá gbọ́dọ̀ gbà, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 sì tún fọwọ́ sí i.

Síbẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí bí ọlọ́pàá bá bọ́ sọ́wọ́ gómìnà. Wo ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀. Gómìnà ló ń yan àjọ tó ń ṣe é, ẹgbẹ́ gómìnà ló sì sábà ń kó gbogbo ipò, dórí káńsẹ́lọ̀. Wá fi ìbọn àti àtìmọ́lé kún un! Àwọn bàbá wa rí bí olóṣèlú ṣe ń fi ọlọ́pàá ìbílẹ̀ mú alátakò kí ológun tó gbàjọba ní 1966.

Má sì sọ pé ìgbìmọ̀ kan yóò ká àwọn gómìnà lọ́wọ́ kò. Torí àtiká Aláàfin lọ́wọ́ kò ni Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè àgbà rẹ̀, ṣe wà. Basọ̀run Gáà, olórí wọn, ló wá ń rán ọba lọ sọ́run níkọ̀ọ̀kan, kí Aláàfin Abíọ́dún tó ṣẹ́gun rẹ̀.

Mo fẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, má ṣì mí gbọ́. Àmọ́ kí gómìnà má lè dá ọ̀gá ọlọ́pàá dúró bó ṣe wù ú, kí owó oṣù wọn má sì wà lápò rẹ̀.

Bá mi bi àwọn aládùúgbò rẹ: bí ṣẹ́rífù bá ń ṣi agbára lò, tí ìdìbò sì ṣì jìnnà, ta ló ń yọ ọ́? Kọ èsì rẹ̀ sí mi.

Èmi ni,
Bámidélé